Adirù àti Ilẹ̀kùn Tó Kọ̀ Tí Kò Fẹ̀

Àwọn ará àdúgbò wa máa ń sọ pé Adirù ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá kú lónìí tí ẹ sì gbé e tọ̀ ọ́ lọ, yóò wò ó, yóò bá yín kẹ́dùn, yóò sì júwe ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún un ṣe fún yín. Àwọn mìíràn ní ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìyẹn sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò péye. Ẹrù ló ń dì. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn nígbà tí kò tíì pẹ́ tó wọlé wọn, tí màmá sì fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ìjókòó ṣe láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Ẹrù ni mò ń dì, Màmá."

"Ẹrù ọ̀hún dà?"

"Inú kọ̀ǹpútà ló wà, Màmá."

Màmá wo kọ̀ǹpútà náà níwájú, ó ní kí wọ́n yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó dáa náà," ni ó wí. "Ó kéré tán, kò ní ṣẹ́ ọ lọ́rùn."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Adirù.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì lóye, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tò ó. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹnìkejì. Àwọn ènìyàn tí kò rí ara wọn rí, tí kálukú jókòó sí ìlú tirẹ̀, ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹni tó bá wù mú un, kó tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe bó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ẹnìkejì mọ̀. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ, ó ń rí i pé ohun tó wà nínú fódà kan lórí ọ̀kan, òun náà ló wà lórí ìyókù. Ẹ kọ nǹkan síbí, ó ti dé ọ̀hún. Ẹ pa nǹkan rẹ́ lọ́hùn-ún, ó ti kúrò níbí. Àmọ́ bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe gbé e kalẹ̀, pákó àti ìṣó ni, kò tíì di àga. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kì í ṣe oríṣi kan, ká má tíì sọ ti fóònù, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí kò gbà kí àmì ìbéèrè wà nínú orúkọ fáìlì. Bó bá rí i, ó máa ń dákú. Òmíràn kì í ṣí ohunkóhun tí kò bá rí ìbuwọ́lù lára rẹ̀, bí akọ̀wé báńkì. Adirù ló ń gba pákó yìí, tó ń kàn án, tó ń dì í lọ́nà tí oríṣi kọ̀ọ̀kan yóò fi gbà á wọlé, débi pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan yóò kàn tẹ̀ ẹ́, yóò sì ṣí.

Tábìlì tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí wà láàárín wọ́dúróòbù àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Kọ̀ǹpútà àlòkù ló wà lórí rẹ̀, oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Lẹ́tà kan ti yọ lára ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti fi gúlúù lẹ bọ́tìnì ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀. Bó bá fẹ́ mú aṣọ nínú wọ́dúróòbù, ó ní láti gbé àga rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kọ́kọ́.

Ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni dídì. Ìdajì kejì ni àròyé. Láti ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ̀wé sí i pé Ẹnìkejì kò ṣiṣẹ́. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Kí ló sọ?" Ètò kọ̀ǹpútà tó bá ní ìṣòro máa ń sọ ohun tó ń ṣe é, àwọn ènìyàn ni kì í kà á. Àpótí kékeré kan á fò jáde lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ti tẹ "Ó dáa" kó tó la ẹnu, bí ẹni tó ń jẹ́ hòo ká tó pè é. Ọkùnrin kan dá a lóhùn láti òkè òkun pé kò sọ nǹkan kan, pé kò tilẹ̀ mí. Adirù ní kó bá òun tan kọ̀ǹpútà náà ná.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Màmá ti jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì rí, odidi wọ́ọ̀dù ló máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Itan rẹ̀ ló ṣẹ́ tí kò jinná dáadáa, orí àga onítáyà ló sì wà láti ìgbà náà. Àga yìí ń wọ gbogbo ibi nínú ilé àfi ibi kan. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò gbà á. Bí Màmá bá fẹ́ lọ síbẹ̀, àga á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì gbé òun wọlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ì bá máa gbé e, ṣùgbọ́n awakọ̀ akẹ́rù ni, ojú ọ̀nà ló sábà ń wà. Adirù ló ń gbé e.

"O tún gbé mi bí àpò símẹ́ǹtì," ni Màmá máa ń wí.

"Àpò símẹ́ǹtì kì í sọ̀rọ̀, Màmá."

"Òun ló gbọ́n."

Lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ Adirù yọ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù. Èmi tí mo ń gbé ilé kejì ni mo wá gbé wọn dìde. Màmá kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Adirù ṣàkíyèsí pé kọ́ọ̀pù omi tí òun ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá láàárọ̀ kì í dín títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Ọ̀rọ̀ òùngbẹ kọ́. Ó ń yẹra fún omi kí wọ́n má baà gbé e ni. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tí àìmumi ń fi kíndìnrín ṣe ju gbogbo wa lọ. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń ṣe é.

Àwọn ọmọ wá pinnu pé àwọn yóò kọ́ yàrá kan àti balùwẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé fún un, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí àga onítáyà lè gbà kọjá láìfi ara kan nǹkan kan. Ayàwòrán ilé ni àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n ọkọ Adirù, nítorí náà kò sí pé ta ni yóò yà á. Rúlà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ń pe obìnrin yìí lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ.

Ọ́fíìsì Ẹ̀gbọ́n wà lókè ṣọ́ọ̀bù táyà kan. Kọ̀ǹpútà ńlá tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin kan tó ń bá a yàwòrán, onírunmú kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńsù, máa ń gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ wá láti ilé. Oríṣi tiwọn kò bára mu. Tẹ́lẹ̀, fíláàṣì ni wọ́n fi ń gbé àwòrán láti orí ọ̀kan sórí èkejì, títí Pẹ́ńsù fi gbàgbé fíláàṣì náà sápò ṣòkòtò tí ìyàwó rẹ̀ sì fọ ṣòkòtò. Ẹ̀gbọ́n ní kí Adirù wá nǹkan ṣe sí i. Adirù di Ẹnìkejì fún wọn, ọ̀kan fún Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún Pẹ́ńsù, àti ọ̀kan sórí fóònù bíríkìlà tó ń bá Ẹ̀gbọ́n kọ́lé. Gbogbo wọn dúpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù.

"Ìyàwó mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọkọ rẹ ńkọ́? Nǹkan tí o fún wa yìí dáa o. Ṣùgbọ́n àpótí kan ń fò jáde láràárọ̀, àròyé ni ṣáá. Bá mi dí i lẹ́nu."

Adirù, ẹni tó ń bi gbogbo ayé pé kí ló sọ, kò bi Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe pé òfin kan wà tó ní ká má bi ẹ̀gbọ́n ọkọ bóyá ó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹnu kàn máa ń wúwo ni. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì di ẹ̀dà mìíràn tí kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbàdúrà fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní dí i lọ́nà.

Àwòrán yàrá Màmá ni wọ́n wá ń yà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Ẹ̀gbọ́n rí i pé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, bí wọ́n ṣe ń yà á fún gbogbo ènìyàn tó ní ẹsẹ̀ méjì. Ó ní kí Pẹ́ńsù sọ ọ́ di mẹ́ta. Pẹ́ńsù sọ ọ́ di mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, méjì ni. Ẹ̀gbọ́n pariwo, Pẹ́ńsù tún un ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, méjì ni.

"Pẹ́ńsù, mo ní kí o mú kí ilẹ̀kùn yìí fẹ̀."

"Ó ti fẹ̀, mà."

"Ibo ló ti fẹ̀?"

"Lánàá, mà."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Ṣé egbò ni, tó fi ń jinná tí ilẹ̀ bá ti ṣú?"

Pẹ́ńsù ní òun kò mọ̀, mà. Ó tún un ṣe. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà tún padà kéré, Ẹ̀gbọ́n kò bá Pẹ́ńsù sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé fóònù.

"Ìyàwó mi." Kò dúró gba ìkíni. "Ẹni tí o mú wọlé tọ̀ wá wá yìí ń jí ilẹ̀kùn ìyá mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kò lè—"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni bíríkìlà ń bẹ̀rẹ̀ ògiri balùwẹ̀. O mọ bíríkìlà."

Adirù mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n bá yà ló máa ń kọ́, kì í fi èrò tirẹ̀ kún un. Ó ti kọ́ àtẹ̀gùn kan rí tó gùn títí tó fi kan ògiri, tó sì parí síbẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Onílé ń sá aṣọ sórí rẹ̀ di òní. Kò sì gba àwòrán orí ìwé mọ́. Ó ní òjò ń pa ìwé. Orí fóònù rẹ̀ ló ń wò, láàárọ̀ kó tó po símẹ́ǹtì, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ló ń mọ. Bó bá mọ ẹsẹ̀ bàtà méjì tó sì de férémù irin mọ́ ògiri, ó parí nìyẹn. Màmá á ní yàrá tuntun àti balùwẹ̀ tuntun, wọ́n á sì tún máa gbé e bí àpò símẹ́ǹtì.

Adirù jókòó ti àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ya ilẹ̀kùn kan sórí ọ̀kan, ó mú kó fẹ̀, ó wo ìyókù: ó fẹ̀. Ó mú kó kéré lórí èkejì: gbogbo wọn kéré. Ó pa íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún tan án. Ó pa kọ̀ǹpútà kan lójijì bí ìgbà tí iná bá lọ. Ilẹ̀kùn kò padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó ń bí atúnnǹkanṣe nínú bí nǹkan tó kọ̀ tí kò bàjẹ́ lójú rẹ̀.

"Ìyàwó!" Màmá ń pè é láti pálọ̀. "Ilẹ̀kùn mi ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá."

"Ṣé ó fẹ̀?"

"Ó fẹ̀ níbí, Màmá."

"Ṣé inú kọ̀ǹpútà ni mo ti máa wẹ̀ ni?"

Ó kọ̀wé sí ẹni tó jẹ́ olórí àwọn tó kọ Ẹnìkejì, ẹnì kan tí kò mọ̀ ju àwòrán ewúrẹ́ tó fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ. Ó tò ó fún un látòkèdélẹ̀: oríṣi kọ̀ǹpútà wo, ẹ̀dà wo, ilẹ̀kùn wo. Ìwé náà gùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ewúrẹ́ fèsì.

"Kí ló sọ?"

Adirù kọ́kọ́ bínú. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n dá padà fún un yẹn, wọn kò tilẹ̀ fi ìkíni kún un. Ó tẹ ìdáhùn pé kò sọ nǹkan kan. Ó wo ohun tó tẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa á rẹ́. Báwo ni ì bá ṣe sọ nǹkan kan? Òun fúnra rẹ̀ ló dí i lẹ́nu.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ṣe mọ́, ó bẹ̀ mí kí n bá òun jókòó ti Màmá, nítorí ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà nínú ìsinmi. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì, mi ò fojú rí i. Pẹ́ńsù sọ ọ́ fún mi, ó ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀. Adirù náà sọ ọ́ fún mi, kò ju nǹkan kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu ni mo kọ síbí.

Adirù dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́, bó ṣe ṣàdéhùn.

"O pẹ́, ìyàwó mi," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Adirù wo aago ara ògiri. Ó ti ń lọ sí mẹ́wàá. Ó yọ fóònù rẹ̀ wò. "Ẹ má bínú, mà," ni ó wí, ó sì kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ jókòó jàre," ni Pẹ́ńsù wí lábẹ́ irunmú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tí kì í pẹ́ níbí."

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Ó ti pẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ti sún gbogbo aago ọ́fíìsì náà síwájú: ti ara ògiri, ti orí tábìlì, ti inú kọ̀ǹpútà ńlá. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ayé ìsinsìnyí kì í dé àfi bí wọ́n bá lé e. Aago ara ògiri ni wọ́n fi ń wọlé. Bó bá di àtilọ, aago ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń wò, ìyẹn sì péye. Pẹ́ńsù ti ṣírò iye tí èyí ń gbà lára ayé rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n.

Adirù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá. Ó yọ ẹ̀dà tí kì í sọ̀rọ̀ kúrò, ó fi èyí tó ní ẹnu síbẹ̀. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí àpótí fi fò jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan kà á: *Aago kọ̀ǹpútà yìí kò bá ti àwọn yòókù mu. Fáìlì àtijọ́ lè borí tuntun.*

Ó ti yé e kó tó kà á tán. Bí fáìlì kan bá wà níbi méjì tí wọn kò sì bára mu, Ẹnìkejì máa ń wo èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, ìyẹn ló sì ń mú. Láràárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n máa ń ṣí àwòrán Màmá, á wò ó, á sì pa á mọ́ láìyí nǹkan kan padà, bí ẹni tó ń ti géètì tó ti wà ní títì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á kọ ọ́ sí i lára pé wọ́n fọwọ́ kàn án ní àkókò kan tí kò tíì dé. Ẹ̀gbọ́n á wá pariwo, Pẹ́ńsù á sáré mú ilẹ̀kùn fẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí aago rẹ̀ péye. Ẹnìkejì á wo méjèèjì. Ti Pẹ́ńsù á jọ ti àná lójú rẹ̀. Á gbé ti Ẹ̀gbọ́n lé e lórí, ilẹ̀kùn á sì padà sí méjì. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí gbogbo ẹbí náà ń ṣe lòun náà ṣe: ó gba Ẹ̀gbọ́n gbọ́.

Pẹ́ńsù, tó ti ń yọjú wò lẹ́yìn rẹ̀, náà ti rí i. Ó sọ ọ́ sí Adirù létí. "Ẹ má sọ ọ́ o. Ẹ jẹ́ kó lọ jẹun, ká yí aago náà padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

"Bó bá sì padà dé tó rí i ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ilẹ̀kùn ná."

Adirù rò ó. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló fi dí àpótí náà lẹ́nu lákọ̀ọ́kọ́, ibi tí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sì gbé wọn dé nìyí. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o."

"Kí lo ṣe?"

"Aago yín ni, mà."

"Aago mi ṣe kí ni?"

"Irọ́ ló ń pa, mà."

Pẹ́ńsù ní nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ òun lásìkò yẹn, pé òun wà lábẹ́ tábìlì. Kò sọ ohun tó bọ́.

"Aago mi kì í purọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Bí n kò bá sún un, ṣé wọ́n máa dé ni?"

"Wọn ò ní dé, mà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yín kì í lọ sílé. Ibí ló ń sùn. Kò lè pẹ́ dé."

Ẹ̀gbọ́n wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán létí pé ó ní òṣìṣẹ́ mìíràn. "Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

Adirù tò ó fún un, láti orí pípamọ́ àárọ̀ dé orí fóònù bíríkìlà. Ẹ̀gbọ́n kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó ti yé mi. Ká wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá yí i padà lójú Pẹ́ńsù báyìí, ó parí, kò ní dé kí ọ̀sán tó pọ́n mọ́."

"Mo gbọ́ o, mà," ni ohùn kan wí lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Adirù wí, "Màmá kì í mumi mọ́."

"Báwo?"

"Kí wọ́n má baà gbé e lọ sí balùwẹ̀. Kọ́ọ̀pù àárọ̀ ni mo ń gbé dànù nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. "Láràárọ̀ tí mo bá wo àwòrán yẹn, tí mo pa á mọ́," ni ó wí, "èmi ni mò ń sé ilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi?"

Kò sí ìdáhùn tó ní ọ̀wọ̀ nínú fún ìbéèrè yẹn. Adirù ní, "Àpótí yẹn fẹ́ sọ fún yín, mà. Èmi ni mo dí i lẹ́nu."

"Ta ló ní kí o dí i?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"O ò sì bi mí ohun tó sọ."

"Mi ò bi yín, mà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín."

"Hẹn-ẹn," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Òùngbẹ ń gbẹ ìyá mi, ìwọ ń bọ̀wọ̀ fún mi. Dìde nílẹ̀ jàre. Fi ibi tí wọ́n ti ń yí i hàn mí."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá aago kọ̀ǹpútà náà padà. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ kò tíì fetí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti pa àwòrán náà mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, àkókò tó wà lára rẹ̀ kò sì tíì dé. Bí Pẹ́ńsù bá fọwọ́ kàn án nísinsìnyí, ti àárọ̀ náà ló ṣì máa borí. Kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe ju pé kí wọ́n jókòó títí òótọ́ á fi lé irọ́ bá. Wọ́n jókòó. Ẹ̀gbọ́n pe bíríkìlà.

Èmi wà ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí fóònù bíríkìlà dún. Ó ti fa okùn, ó ti po símẹ́ǹtì, Màmá sì ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?" ni Màmá ti bi í.

"Bí wọ́n ṣe yà á ni, Màmá."

Ó gbé fóònù náà. A gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n títí dé ibi tí mo jókòó sí. Bíríkìlà ní, "Mo ti po símẹ́ǹtì, mà." Ó gbọ́ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Símẹ́ǹtì ò mọ ẹ̀gbọ́n o, mà, gbígbẹ ló máa gbẹ." Ó gbọ́ sí i. Ó wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó gbé fóònù sórí itan, ó sì ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń se ẹ̀wà.

Ní ọ́fíìsì, Ẹ̀gbọ́n, tí kò dúró de ẹnikẹ́ni rí, ń dúró de ara rẹ̀. Nígbà tí àkókò náà kọjá tán, Adirù mi orí sí Pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù mú kí ilẹ̀kùn fẹ̀, ó pa á mọ́. Wọ́n rí i tó yọ lórí kọ̀ǹpútà ńlá. Ẹ̀gbọ́n ṣí i, ó wò ó, kó sì tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ ọn lára. Wọ́n tún ṣí i. Mẹ́ta ni.

Ní ẹ̀yìnkùlé, bíríkìlà wo fóònù rẹ̀, ó dìde, ó tú okùn, ó sì gbé èèkàn sí iwájú. "Bí wọ́n ṣe yà á ni," ni ó wí, láìsí ẹni tó bi í.

Pẹ́ńsù wá tọrọ gáfárà, ó béèrè bóyá wọ́n á dá aago ara ògiri náà padà.

"Ìwọ máa ń lọ sílé," ni Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Adirù padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì tún ẹrù náà dì. Ẹ̀dà tí kì í sọ̀rọ̀ kò sí mọ́. Nínú èyí tó dì tuntun, ènìyàn lè pa gbogbo àpótí lẹ́nu mọ́ àyàfi ti aago. Ó kọ̀wé sí Ewúrẹ́ pé kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ sínú ojúlówó Ẹnìkejì fún gbogbo ayé. Ewúrẹ́ fẹ́ mọ irú ẹni tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ sún aago rẹ̀ síwájú. Adirù ní ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn tètè dé ni. Wọ́n fà á díẹ̀, Ewúrẹ́ sì gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n parí balùwẹ̀, ọkọ Adirù ti ti ojú ọ̀nà dé. Ẹ̀gbọ́n wá, ó mú rúlà gígùn lọ́wọ́, ó wọn ẹnu ọ̀nà náà kó tó kí ẹnikẹ́ni. Bíríkìlà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá kò jẹ́ kí wọ́n ti àga rẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí táyà fúnra rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò kan ibì kankan. Adirù mú kọ́ọ̀pù omi àárọ̀ lọ́wọ́, Màmá ti mu ún tán. Ilẹ̀kùn padé. A dúró síta, gbogbo wa, a ń fetí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fetí sí gan-an.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ni Màmá wí láti inú.

"A wà níbí, Màmá," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa, Màmá."

"Ẹ máa lọ."

A sì lọ.